Yọ àti Yọ̀: Àtúnṣe Kílọ́ọ̀ṣì Fẹ́sípà àti Èdè Àwọn Mẹkáníìkì ní Minna

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni "ko yo mo". Bí oníbàárà kan bá kọ ọ́ báyìí sórí bébà, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́ lẹ́tà, tí ó fi bébà náà há ara alùpùpù rẹ̀ kí ó tó gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, mẹkáníìkì tó bá a níbẹ̀ lè kà á sí ìròyìn ìlera, ó sì lè kà á sí ìròyìn àìsàn. Kò yọ̀ mọ́: kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń di nǹkan mú dáadáa. Kò yọ mọ́: kílọ́ọ̀ṣì ti di nǹkan mú, kò sì fẹ́ tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan kà sí èkejì lè yí wáyà kílọ́ọ̀ṣì sí apá òdì, kí àìsàn tó fẹ́ wò sì le sí i.

Kì í ṣe ohun tuntun pé ohùn ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú èdè Yorùbá. Ọdún kìíní ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń há igbá, igba àti ìgbà sórí. Ṣùgbọ́n àwọn àpẹẹrẹ inú ìwé kì í sábà ní owó nínú. Kò sí ẹni tó tíì lọ ra igbá nígbà tí ó fẹ́ ka igba. Níbi iṣẹ́ ọwọ́, owó wà nínú rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí wọ́n ṣe ń tú kílọ́ọ̀ṣì Fẹ́sípà àtijọ́ àti bí wọ́n ṣe ń tún un tò, ó sì fi àlàyé náà wo ibi tí agbára èdè Yorùbá wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni Yorùbá yá nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ, tó sì ń darí ọwọ́ ẹni tó ń tún un ṣe, ti Yorùbá ni, ohùn rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Fẹ́sípà dé Minna

Ní Pontedera, ní ilẹ̀ Ítálì, ni ilé iṣẹ́ Piaggio ti gbé Vespa àkọ́kọ́ jáde ní 1946. Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kí bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì tó ba ilé iṣẹ́ náà jẹ́. Corradino D'Ascanio tó ya àwòrán ẹ̀rọ tuntun náà, onímọ̀ ẹ̀rọ òfurufú ni, kò sì fẹ́ràn alùpùpù rárá. Lójú tirẹ̀, ṣéènì ń fi ọ́ìlì ba aṣọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni táyà tó bá jò lójú ọ̀nà ṣòro tú. Ó mú ṣéènì kúrò pátápátá. Ó so táyà ẹ̀yìn mọ́ àpótí gíà ní tààrà, ó fi irin bo ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé ìyípadà gíà kúrò lẹ́sẹ̀ wá sọ́wọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Agbọ́n ni ìtumọ̀ "vespa" ní èdè Ítálì. Ẹni tó bá ti gbọ́ igbe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó sì ti rí bí ìdí rẹ̀ ṣe tóbi tí àárín rẹ̀ sì pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò ní béèrè ìdí orúkọ náà.

Èdè Yorùbá kò ní kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yìí, nítorí náà ó di Fẹ́sípà, bí tẹlifíṣàn náà ṣe gba f. Ní Nàìjíríà àwọn ọdún 1960 àti 1970, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba àti oníwàásù wà lára àwọn tí ojú mọ̀ mọ́ ọn. Obìnrin tó ró ìró lè jókòó sórí rẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ kọjá táǹkì, nítorí iwájú rẹ̀ ṣófo sílẹ̀.

Minna jẹ́ ìlú tí ojú irin sọ di ńlá. Ibẹ̀ ni ojú irin tó ti Èkó wá ti bá èyí tó ti Baro lọ sí Kano pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìpàdé náà sì kó òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò Yorùbá, Igbo àti Hausa wá bá àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, Minna di olú-ìlú rẹ̀. Ní 1983 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ kì í gbé inú èdè kan. Ọ̀gá lè jẹ́ Yorùbá, kí ọmọ iṣẹ́ jẹ́ Nupe tàbí Gbagyi, kí oníbàárà sì máa pe alùpùpù ní babur gẹ́gẹ́ bí Hausa ṣe ń pè é. Ohun tí ọ̀gá bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yé e, nítorí ọwọ́ ọmọ náà ni yóò wọ inú ọ́ìlì.

Fẹ́sípà kò pọ̀ lójú títì mọ́. Alùpùpù Japan, lẹ́yìn náà ti Ṣáínà àti ti Íńdíà, ti gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù ṣeé tún ṣe, èyí ló sì mú wọn dára fún ẹ̀kọ́: gbogbo ohun tí ojú nílò láti rí nínú kílọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tó fara pamọ́.

Ohun tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe

Ẹ́ńjìnnì kì í dúró nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Píśtìn ń lọ sókè sódò, ó ń yí ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní kíráǹkì, kíráǹkì yìí sì gbọ́dọ̀ máa yí bí iná bá wà nínú ẹ̀rọ. Táyà ẹ̀yìn kò sì gbọdọ̀ máa yí ní gbogbo ìgbà. Ohun kan ní láti wà láàárín wọn tí yóò so wọ́n pọ̀ nígbà tí ẹni tó ń gùn ún bá fẹ́, tí yóò sì yà wọ́n nígbà tí ó bá fẹ́. Bí ìyapa yìí kò bá sí, kò sí bí gíà yóò ṣe wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́; eyín irin ni yóò máa gé eyín irin.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣe é kò nílò ẹ̀rọ. Kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì kanra, kí ó sì máa yí ọ̀kan. Bí kò bá tẹ̀ wọ́n pọ̀, èkejì yóò dúró síbi tí ó wà. Bí ó bá tẹ̀ wọ́n pọ̀ tagbára tagbára, èkejì yóò tẹ̀lé e. Nínú ọ̀pọ̀ Fẹ́sípà 150 ti àwọn ọdún 1960, àtẹ́lẹwọ́ yìí jẹ́ márùn-ún: àwo mẹ́ta tí wọ́n lẹ kọ́ọ̀kì mọ́, àti àwo irin méjì tó wà láàárín wọn. Oríṣi àwo kan ń bá kíráǹkì yí, oríṣi kejì ń bá gíà yí. Sípíríìnì mẹ́fà ló ń tẹ gbogbo wọn pọ̀. Nígbà tí ènìyàn bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ní apá òsì, wáyà yóò fa apá irin kan nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, apá náà yóò ti sípíríìnì sẹ́yìn, àwọn àwo yóò sì ya ara wọn.

Kọ́ọ̀kì yìí ni èèpo igi kan tó ń hù ní Potogí, Sípéènì àti Mòrókò, èyí kan náà tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò wáìnì. Ohun tó sì ń ya ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni pé inú ọ́ìlì ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n orí lè sọ pé ohun tó bá wà nínú ọ́ìlì yóò máa yọ̀, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀kì a máa fa ọ́ìlì mọ́ra, a sì tún di irin mú bí sípíríìnì bá tẹ̀ ẹ́. Ọ́ìlì náà ló ń tu àwọn àwo lára kí wọ́n má baà jóná.

Orúkọ rẹ̀

Ẹni tó bá mọ bíi mélòó kan nínú òfin àyálò kò ní rí ohun ìjìnlẹ̀ nínú "kílọ́ọ̀ṣì". Fáwẹ̀lì i tó ya kọ́ńsónáǹtì méjì àkọ́kọ́ ni ó wà nínú kíláàsì àti gíláàsì. Ọ́ọ̀ rẹ̀ ni ti bọ́ọ̀sì. Ṣ tó gbẹ̀yìn ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ṣọ́ọ̀ṣì. I tó kẹ́yìn wá nítorí pé sílébù Yorùbá kì í fi irú kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀ parí. Àwọn kan a máa sọ pé kúlọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn kò yí nǹkan kan padà.

Èyí tó gba àròjinlẹ̀ ni ohun tí èdè kọ̀ọ̀kan rí nígbà tí ó ń sọ ẹ̀rọ yìí lórúkọ. Gẹ̀ẹ́sì rí ọwọ́ tó di nǹkan mú gírígírí, ó sì pè é bẹ́ẹ̀. Ítálì tó ṣe Vespa rí ìfara-kanra àwọn àwo: frizione ni wọ́n ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí ìfigbò. Jámánì rí ìsopọ̀ nǹkan méjì, ó sì pè é ní Kupplung. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn, kò sì sí èyí tó sọ ọ́ tán.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un, "ìdìmú" kò jìnnà. Ó bá òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ mu, ó sì rọrùn láti pè. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìdajì iṣẹ́ náà ló sọ, nítorí pé kílọ́ọ̀ṣì tó kàn ń di nǹkan mú láìlè tú u sílẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ọ̀gá kan tí yóò fi ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kò mọ̀ ránṣẹ́ sí i. Àwọn onímọ̀ èdè pàápàá kò sá fún àyálò. Nínú Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe láti fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀; síbẹ̀ fóníìmù àti mọ́fíìmù wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ èdè títí di òní. Kò yẹ kí wọ́n wá ka kílọ́ọ̀ṣì sí ìtìjú mẹkáníìkì.

Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfunwá darí láti 1970, ti fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ohun tí kì í sábà wọ inú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ti ń fi í kọ́ ẹ̀rọ tipẹ́, láìsí ìgbìmọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n sì gbára lé jù.

Yọ, yọ̀, àti gíà tó ń yọ

Àìsàn kílọ́ọ̀ṣì méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ó ń yọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké, iná rẹ̀ ń ròkè, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò sáré tó igbe rẹ̀. Bí ó bá dé orí òkè, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Àwọn àwo ń yọ̀ lára ara wọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí ilẹ̀ tó ní ewédò. Àwọn kan a máa sọ pé "kò mú", ìtumọ̀ kan náà sì ni. Èkejì ni pé kò yọ. Ọwọ́ ti fa kílọ́ọ̀ṣì dé òpin, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń fẹ́ gbéra. Gíà kìíní wọlé pẹ̀lú ariwo, Fẹ́sípà fò síwájú, tàbí kí iná kú. Níhìn-ín, yọ ni ti ohun tó kúrò níbi tí ó wà, bí eyín ṣe ń yọ, bí èèkàn ṣe ń yọ nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta kò kan kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan náà ni: gíà ń yọ. Ènìyàn ti kó o sí gíà kejì, ó ń lọ, lójijì gíà fò jáde fúnra rẹ̀. Irin kékeré kan tó rí bí àgbélébùú nínú àpótí gíà ló ti jẹ lẹ́nu. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ, kò lè há gíà mọ́.

Ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín wọn kì í ṣe kékeré. Nínú Fẹ́sípà ńlá, bí ó bá jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀, títú táyà ẹ̀yìn ti tó láti dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gíà ló ń yọ, wọ́n ní láti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì là á sí méjì bí obì. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni ti àkọ́kọ́. Ti èkejì lè gba ọjọ́ mélòó kan, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, àti ohun mìíràn tí wọ́n bá rí nígbà tí wọ́n bá là á tán, wọn kì í sì í ṣàìrí nǹkan. Oníbàárà tó kàn kọ "o n yo" ti fi àpò rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó bá kà á.

Wáyà kílọ́ọ̀ṣì tún mú ọ̀rọ̀ náà le. Bí wáyà bá le jù, yóò máa fa apá irin náà díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, sípíríìnì kò ní lè tẹ àwọn àwo pọ̀ tó, kílọ́ọ̀ṣì yóò sì máa yọ̀. Bí wáyà bá dẹ̀ jù, ọwọ́ yóò ti fà á dé òpin kí àwọn àwo tó ya ara wọn. Kò ní yọ. Nítorí náà, ìwòsàn àkọ́kọ́ fún èyí tó ń yọ̀ ni pé kí wọ́n dẹ wáyà díẹ̀, fún èyí tí kò yọ, kí wọ́n fà á le díẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì yí lódìkejì ara wọn, ìyàtọ̀ ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló sì ń sọ èyí tí ọmọ iṣẹ́ yóò ṣe.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ewu yìí kéré láàárín àwọn tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí wọn. Òfin kan wà pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa di olóhùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: rà di ra nínú "ra ẹja". Ẹnìkan lè bẹ̀rù pé òfin yìí yóò da yọ àti yọ̀ pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé yọ̀ tó jẹ mọ́ ilẹ̀ ọ̀bọ̀rọ́ kì í gba àbọ̀, kò sì sí ohun tí yóò gba ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yọ kílọ́ọ̀ṣì" kò lè ní ju ìtumọ̀ kan lọ: kí wọ́n tú u jáde.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ Yorùbá lẹ́nu ọ̀gá. Nupe ní ohùn mẹ́ta bíi ti Yorùbá, etí ọmọ Nupe sì ti mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé. Hausa kò rí bẹ́ẹ̀: òkè àti ìsàlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ohùn rẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ń ti òkè já sí ìsàlẹ̀. Ọmọ tó bá ti inú irú ètò ohùn bẹ́ẹ̀ wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ láti gbọ́ ohun tó wà láàárín. Ọ̀gá tó bá ní làákàyè kì í dúró dè é kí ó gbọ́ ọ. A máa fi ọwọ́ hàn án: àtẹ́lẹwọ́ méjì tó ń yọ̀ lára ara wọn fún yọ̀, ìka tó fà jáde nínú ìkúùkù fún yọ. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí ó fi "kò mú" rọ́pò "ó ń yọ̀", kí ó sì fi "kò tú sílẹ̀" rọ́pò "kò yọ". Ìyípadà ọ̀rọ̀ yìí bọ́gbọ́n mu, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣe ìwé ìkọ́ni fún iṣẹ́ ọwọ́ wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n kò pa yọ àti yọ̀ rẹ́ lẹ́nu oníbàárà.

Títú u

Wáyà ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, nítorí pé kì í ná ẹnikẹ́ni lówó. Ìgbà tí wáyà bá ti wà bó ṣe yẹ, tí kílọ́ọ̀ṣì sì ń yọ̀ síbẹ̀, ni títú kan. Wọn yóò gbé Fẹ́sípà dúró lórí ìdúró rẹ̀, wọn yóò fi pákó ti abẹ́ rẹ̀ kí ó má baà ṣubú, wọn yóò sì tú táyà ẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń da ọ́ìlì àpótí gíà jáde láti ìsàlẹ̀ sínú abọ́. Kí wọ́n má dà á sílẹ̀ lásán: bí ó bá dúdú, tí ó ń rùn bí ohun tó jóná, tí èérún kọ́ọ̀kì wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì ti jẹ́rìí kí ojú tó rí àwo. Èérún irin tó ń dán nínú rẹ̀ jẹ́ ẹjọ́ mìíràn, ti gíà nìyẹn.

Wọn yóò tú wáyà kúrò lára apá irin ìsàlẹ̀, wọn yóò tú bóòtù mẹ́ta tó di ìdérí kílọ́ọ̀ṣì mú, wọn yóò sì fà á yọ. Nínú ìdérí yìí ni irin pupa kékeré kan wà tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí wáyà bá fà á. Bí ojú rẹ̀ bá ti jẹ ju, òun nìkan lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì má yọ, kí wọ́n sì máa dá àwo lẹ́bi lásán. Òrùka rọ́bà tó yí ìdérí ká kò yẹ kí ó padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú u. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ́ìlì tó bá sì jò sórí bíréèkì ẹ̀yìn lè gba ẹ̀mí.

Nọ́ọ̀tù àárín ni iṣẹ́ ti ń le. Ẹnu rẹ̀ rí bí ẹnu adé, wọ́n sì tẹ etí wáṣà kan mọ́ ọn kí ó má baà tú fúnra rẹ̀. Irinṣẹ́ tirẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá ní i lè fi páìpù irin ṣe é, kí ó gé eyín tó bá ẹnu nọ́ọ̀tù náà mu sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣíṣẹ́lì àti òòlù ni wọ́n ń fi gbá a yípo títí yóò fi tú, irú àṣà yìí ló sì ń fọ́ ẹnu nọ́ọ̀tù, tí ń da èérún irin sínú àpótí gíà, tí ń mú kí iṣẹ́ ọ̀sán kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Bí nọ́ọ̀tù bá tú, wọn yóò rọra fa kílọ́ọ̀ṣì yọ kúrò lórí kíráǹkì, pẹ̀lú ìṣọ́ra fún irin kékeré kan tó rí bí òṣùpá ààbọ̀, èyí tó ń há kílọ́ọ̀ṣì mọ́ kíráǹkì. Bí ìyẹn bá bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì láìsí ẹni tó rí i, yóò tọ́jú ara rẹ̀ síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí yóò fi ba ohun ńlá jẹ́.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè fetí sí ohun tí ọ̀gá ń sọ ní àkókò yìí: "Fà á yọ. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Dì í mú. Tú u sílẹ̀. Gbá a wọlé." Gbogbo rẹ̀ ló sọ ìṣe, tó sì tún sọ ibi tí ìṣe náà gbọ́dọ̀ parí sí. Ẹni tó fa nǹkan tí kò sì yọ kò tíì ṣe ohun tí wọ́n rán an. Ìhun bí irú èyí, pàápàá èyí tó to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀léra, ti di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀ gírámà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi iṣẹ́ mẹkáníìkì, òun ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ọ̀gá, kí sípánà tó tẹ̀lé e.

Àwọn sípíríìnì mẹ́fà ṣì tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ nínú kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fà yọ yìí. Bóòtù gígùn kan pẹ̀lú wáṣà ńlá méjì tó láti tẹ̀ wọ́n wọlé. Bí wọ́n bá ti wọlé tó, òrùka wáyà tó há wọn mọ́ yóò dẹ̀, wọn yóò sì fi ìrọ́nà yọ ọ́. Kò yẹ kí ojú ẹnikẹ́ni súnmọ́ ọn nígbà náà. Wọn yóò wá dẹ bóòtù náà díẹ̀díẹ̀, àwọn àwo yóò sì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde.

Àyẹ̀wò àti títò

Kọ́ọ̀kì tó ti fẹ́ tán lára irin, tàbí tó ti ń dán dúdú bí awọ bàtà, kò ní di nǹkan mú mọ́. Àwo irin yẹ kí ó tẹ́jú. Bí wọ́n bá gbé e lé orí gíláàsì, tí ó ń mì, tàbí tí ojú rẹ̀ ti di búlúù nítorí ooru, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Sípíríìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹ kí wọ́n ga bákan náà. Èyí tó kúrú láàárín wọn ti rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni ẹ̀gbẹ́ ihò tí etí àwọn àwo ń rìn nínú rẹ̀. Bí etí àwo bá ti gé ọgbẹ́ sí ibẹ̀, àwo yóò máa há síbẹ̀ dípò kí ó rìn, kílọ́ọ̀ṣì kò sì ní yọ bí ó ti wù kí kọ́ọ̀kì jẹ́ tuntun tó. Fáìlì lè tẹ́ ọgbẹ́ kékeré.

Kọ́ọ̀kì tuntun kò gbọdọ̀ wọlé ní gbígbẹ. Wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì mọ́jú, kí ó mu ún yó. Èyí tí wọ́n bá tò ní gbígbẹ lè jóná kí ọ́ìlì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò to kọ́ọ̀kì àti irin lé ara wọn, kọ́ọ̀kì, irin, kọ́ọ̀kì, irin, kọ́ọ̀kì, wọn yóò tẹ sípíríìnì mọ́lẹ̀, wọn yóò sì dá òrùka wáyà padà sí ẹnu rẹ̀. Irin òṣùpá ààbọ̀ yóò jókòó sí ipò rẹ̀ lórí kíráǹkì, kílọ́ọ̀ṣì yóò wọlé lé e, nọ́ọ̀tù yóò le, etí wáṣà yóò sì tẹ̀ mọ́ ọn. Wáṣà àtijọ́ tí etí rẹ̀ ti ya kò tó gbójú lé.

Ọ́ìlì àpótí gíà Fẹ́sípà ńlá jẹ́ 250 mílílítà, ti SAE 30. Àwọn kan a máa da ọ́ìlì mọ́tò olówó ńlá sí i, wọ́n rò pé àǹfààní ni wọ́n ń ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ní èròjà tó ń mú kí irin máa yọ̀ geere lára irin, ó dára fún mọ́tò, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀kì kílọ́ọ̀ṣì kò nílò ohun tí yóò tún mú un yọ̀.

Wáyà ló kù. Wọn yóò fà á títí tí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì yóò fi ní àlàfo kékeré, bíi mílímítà méjì, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: kí ẹ̀rọ wà lórí ìdúró, kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀, kí iná má sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kó o sí gíà kìíní, tí wọ́n fa kílọ́ọ̀ṣì, táyà yẹ kí ó ṣeé fi ọwọ́ yí. Bí wọ́n bá tú ọwọ́ sílẹ̀, kí ó di ṣinṣin. Ìyókù di ojú ọ̀nà, pàápàá ojú ọ̀nà tó bá ga.

Lẹ́yìn Fẹ́sípà

Ní Íńdíà, ilé iṣẹ́ Bajaj fi ìyọ̀ǹda Piaggio ṣe Vespa ní àwọn ọdún 1960, kí ó tó gbé Chetak tirẹ̀ jáde ní 1972. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta Bajaj, tí Nàìjíríà wá ń pè ní Màrúwá tàbí NAPEP, mọ̀lẹ́bí Fẹ́sípà ni: ọwọ́ òsì ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ òsì kan náà ló ń yí gíà, àwọn àwo rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́ìlì. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti tú kílọ́ọ̀ṣì Fẹ́sípà kò ní ṣe àjèjì sí i, bẹ́ẹ̀ ni èdè tó fi kọ́ ọ.

Àwọn Vespa tó ń jáde lóde òní kò ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rárá. Bẹ́líìtì ló wà nínú wọn dípò gíà, kílọ́ọ̀ṣì wọn sì ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀: bí eré ẹ́ńjìnnì bá ga, ó mú, bí ó bá lọ sílẹ̀, ó yọ. Bí ó bá sì ti jẹ, ó ń yọ̀.